Irin Inú Gádà Orè: Ta Ló Yọ́ Ọ, Ta Ló sì Máa Fa Èéfín Rẹ̀ Símú?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn èèyàn wa sọ ní Orè àti Odìgbó. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá.)

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Orè, ẹ̀yin ará Odìgbó, ẹ̀yin tí ẹ ti Àjùé, Aṣẹ̀wẹ̀lé àti Aráròmí-Obù wá, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.  Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí nílé, tí ẹ kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, ẹ̀yin náà ni mo ń bá wí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ka ìdajì kí ẹ wá fi ìyókù di ẹ̀pà. Ẹ kà á tán ná.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Gádà oríta Orè yẹn, tí wọ́n kọ́ nígbà ìjọba Gómìnà Rotimi Akeredolu (2017 sí 2023), gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe sìmẹ́ńtì nìkan ló gbé e dúró. Irin ló wà nínú rẹ̀ bí egungun ṣe wà nínú ara. Irin yẹn ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti yọ́ ọ? Ọmọ ta ló gbowó iṣẹ́ rẹ̀? Ìlú wo sì ni èéfín rẹ̀ bà lé lórí? Ẹni tó bá ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí ti mọ ohun tí òṣèlú wà fún. Òṣèlú kì í ṣe ká jó, ká gba fìlà àti ìrẹsì, ká sì relé.

IRIN KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ WA

Àwọn baba wa kò dúró de òyìnbó kí wọ́n tó mọ irin. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń wa òkúta irin nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń kó o sínú ìléru alámọ̀, tí wọ́n ń fi èédú igi dáná sí i títí irin yóò fi yà kúrò lára ìdàrọ́. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy, tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ òde fún ìjọba Èkó nígbà náà, tẹ ìwé jáde nípa irú ilé ìyọ́rin bẹ́ẹ̀ kan tó rí lágbègbè Ọ̀yọ́. Èyí já sí pé nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, iná ìléru wa ṣì ń jó. Irin tí òyìnbó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọ̀lú, tó pọ̀, tó sì rọjú, ni kò jẹ́ kí tiwa rí ọjà mọ́. Alágbẹ̀dẹ wa fi ìléru sílẹ̀, ó dojú kọ ẹwìrì àti ọmọ-owú nìkan.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Kí irin tó jáde nínú ìléru àwọn baba wa, wọ́n ní láti gé igi, kí wọ́n sun ún di èédú. Irin kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀fẹ́. Láti ọjọ́ tí aráyé ti mọ̀ ọ́n, nǹkan kan ló máa ń jẹ: bí kò jẹ igbó, á jẹ omi, bí kò jẹ omi, á jẹ afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ìjọba tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò bi í pé mélòó lo fẹ́ jẹ, kí lo sì máa fún wa padà.

BÍ IRIN ṢE Ń KỌ́ ÌLÚ

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe irin lóde òní. Ti àkọ́kọ́, wọn á wa òkúta irin, wọn á dà á pọ̀ mọ́ èédú ilẹ̀ tí wọ́n ti sun àti òkúta ẹfun nínú ìléru tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Ti ìkejì, wọn á ṣa irin àlòkù, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, wọn á fi iná mànàmáná yọ́ ọ, wọn á sì fà á di ọ̀pá irin tí bíríkìlà ń lò. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń tú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2 afẹ́fẹ́ èéfín sójú ọ̀run fún tọ́ọ̀nù irin kan. Irú afẹ́fẹ́ yìí ló ń mú kí ayé gbóná. Ọ̀nà kejì kò tú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní májèlé tirẹ̀. A ó dé ibẹ̀.

Kí ló dé tí gbogbo ìjọba fi ń wá ilé-iṣẹ́ irin? Nítorí pé irin máa ń bímọ ni. Níbi tí irin bá wà, ìṣó á wà, àdá àti ọkọ́ á wà, géètì, ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìfúngàrí, gbogbo wọn á tẹ̀ lé e. Òṣìṣẹ́ á wá, wọn á wá ilé gbé. Onílé á kọ́lé. Ìyá olóńjẹ á na àgọ́. Ọjà á fẹ̀. Ilé-ìwé á pọ̀. Ẹ wo Pohang ní ilẹ̀ Kòríà. Ìlú apẹja ni. Ní 1968 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ irin sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tó fi máa di 1973, irin ti ń jáde. Láàárín ọdún 5 péré! Irin yẹn ni Kòríà fi kan ọkọ̀ ojú omi, tó fi ṣe mọ́tò tí àwa náà ń rà lónìí. Ẹ wo Jamshedpur ní ilẹ̀ Íńdíà. Ní 1907 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Tata sílẹ̀, ní 1912 irin àkọ́kọ́ jáde, ìlú ńlá sì hù níbi tí igbó àti abúlé wà tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń gbé omi àti ọ̀nà rẹ̀.

Ìyẹn ni ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ jẹ́ ká yí i padà, ká wo ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ní Amẹ́ríkà, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Donora, kò jìnnà sí Pittsburgh. Nǹkan bí 14,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀, ilé-iṣẹ́ irin àti ti sínkì ló ń bọ́ wọn. Ní ìparí oṣù kẹwàá 1948, ìkùukùu bo àfonífojì tí ìlú náà wà, èéfín kò rí ọ̀nà lọ, ó padà sílẹ̀. Fún bí ọjọ́ 5 ni àwọn èèyàn fi ń mí májèlé. Èèyàn 20 kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣàìsàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìlú. Òjò ló gbà wọ́n. Kì í ṣe ọ̀gá ilé-iṣẹ́, kì í sì ṣe ìjọba. Pittsburgh fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà kan, wọ́n a máa tan iná títì ní ọ̀sán gangan nítorí èéfín. Nígbà tó yá, ọjà irin dẹnu kọlẹ̀, pàápàá ní àwọn ọdún 1980, ìlú tó ní nǹkan bí 676,000 èèyàn ní 1950 kò ju nǹkan bí 303,000 lọ mọ́ ní 2020. Ẹ rí i bí? Irin lè kó èèyàn jọ, ó sì lè tú wọn ká. Ìlú tó bá fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yẹn bá yẹ̀, ó di ṣíṣubú.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n pa ìléru ńlá tó kẹ́yìn ní Port Talbot, ní ilẹ̀ Wales, láti fi ìléru oníná mànàmáná rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á dára sí i, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló pàdánù iṣẹ́. Ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ pàápàá ń jìyà kí wọ́n tó rí ọ̀nà gbà. Àwa tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀ láǹfààní láti kọ́gbọ́n lára wọn.

TI NÀÌJÍRÍÀ: OWÓ LỌ, IRIN KÒ DÉ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà wálé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ní 1979, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ àwọn ará Soviet kan tọwọ́ bọ̀wé láti kọ́ Àjàòkúta. Ní 1980, Ààrẹ Shehu Shagari fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Irin tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 1.3 ló yẹ kó máa jáde níbẹ̀ lọ́dọọdún ní ìpele àkọ́kọ́. Nígbà tó di 1994, wọ́n ní iṣẹ́ ti parí dé ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 2 tó kù yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ báyìí, a kò tíì rí i! Ìléru ńlá Àjàòkúta kò tíì yọ́ òkúta irin kan di irin rí. Wọ́n gbé e fún Solgas ní 2003, wọ́n gbà á. Wọ́n gbé e fún Global Infrastructure ní 2004, wọ́n gbà á ní 2008. Ẹjọ́ dé, àti pé ní 2022 ìjọba gbà láti san mílíọ̀nù 496 owó dọ́là láti fi parí ìjà. A san owó lórí irin tí a kò rí. Kòríà lo ọdún 5. Àwa ti lo ju ogójì lọ.

Aladja, nítòsí Warri, ṣe dáadáa díẹ̀. Ní oṣù kìíní 1982 ni Shagari ṣí i. Agbára tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù kan ni wọ́n kọ́ ọ fún. Lára irin tó bá jáde níbẹ̀ ló yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìfàrin mẹ́ta, ti Òṣogbo, ti Jos àti ti Katsina, máa fà di ọ̀pá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní agbára tọ́ọ̀nù 210,000 lọ́dún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹ rántí bí inú èèyàn ṣe dùn. Wọ́n ní iṣẹ́ ti dé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe tò ó: Òṣogbo gbẹ́kẹ̀ lé Aladja, Aladja gbẹ́kẹ̀ lé iná mànàmáná àti òkúta irin, òkúta irin Itakpe gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà reluwé. Reluwé Itakpe sí Warri tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1987, 2020 ni wọ́n tó ṣí i! Ẹni tí a ní kó gbé omi wá, ó dé lẹ́yìn tí ilé ti jó tán. Nígbà tí irin kò wá láti Aladja mọ́, ẹ̀rọ Òṣogbo dákẹ́. Wọ́n ta Aladja ní 2005. Ọmọ ìlú tó ti kọ́ iṣẹ́ irin lọ ń gun ọ̀kadà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ nìyí: kì í ṣe pé a kò ní irin, kì í ṣe pé a kò ní ọgbọ́n. Àwọn tó ń ṣèjọba fẹ́ràn ọjọ́ tí wọ́n ń gé rìbọ́n ju ọjọ́ kejì rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń fi epo sí ẹ̀rọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń sanwó òṣìṣẹ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń wo ibi tí èéfín ń lọ. Kò sí ayàwòrán ní ọjọ́ kejì, nítorí náà wọn kì í wá.

KỌ̀ǸDẸ́Ẹ̀MÙ WA ŃKỌ́?

Nígbà tí Àjàòkúta ń sùn, àwọn aládàáni rí ọ̀nà gbà. Ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n ń yọ́ ní Nàìjíríà lónìí, kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ni. Ẹ lọ dúró ní oríta wa. Àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke, tí wọ́n ń ra páànù jíjẹ, ẹ́ńjìnnì tó ti kú, ara mọ́tò tó jámọ́ òpópó Èkó sí Benin, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Tìrélà ló ń kó o lọ sí ibi tí ìléru wà, lápá Ìkòròdú, Ògijó àti ìlú mìíràn. Ìlú wa kó irin jáde bíi pàǹtí, ó tún fi owó ńlá rà á padà bí ọ̀pá. Èrè ọ̀nà jíjìn náà bọ́ sápò ẹlòmíràn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá lọ́la pé òun fẹ́ gbé ìléru sí Orè, ṣé ká lé e? Rárá o. Ẹ wo ibi tí Ọlọ́run fi wá sí. Èkó lápá kan, Benin lápá kan, Oǹdó lókè, Òkìtìpupa nísàlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ kò jìnnà sí wa. Ní 2007 ni wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ rẹ̀, tó ní agbára mẹ́gáwáàtì 335. Ọgbà ilé-iṣẹ́ Oǹdó-Linyi, tí àwọn ará Ṣáínà bá ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, ti wà lágbègbè wa. Bítúmẹ́ẹ̀nì wà ní Àgbábù, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó wa yìí. Mi ò sọ pé ìléru ti dé o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tó dára fún un ni a wà, ẹni tó ní ojú ìtajà á rí wa. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ká ti mọ orúkọ tí a fẹ́ sọ ọ́ kó tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé májèlé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Irin kì í yọ́ títí iná yóò fi tó nǹkan bí 1,500 dígírì. Ṣùgbọ́n páànù tí a fi ń kanlé, sínkì ni wọ́n fi pa á lára kó má bàa dípẹtà. Sínkì ti máa ń hó di ooru ní nǹkan bí 907 dígírì. Òjé tó wà nínú ọ̀dà àtijọ́ náà ń tẹ̀ lé e jáde. Nítorí náà, kí irin tó yọ́, sínkì àti òjé ti gòkè. Bí wọ́n bá dé inú afẹ́fẹ́ tútù, wọn á di eruku tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi rí i, tí imú kò sì lè dá a dúró. Ó di inú ẹ̀dọ̀fóró. Ó di orí ẹ̀fọ́ tí ìyá tà. Ó di inú ìkòkò omi.

Mélòó ni eruku náà? Ìléru oníná mànàmáná lè tú kílò 10 sí 20 eruku fún tọ́ọ̀nù irin kan. Ẹ bá mi ṣírò. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń yọ́ tọ́ọ̀nù 100,000 lọ́dún, eruku rẹ̀ á tó tọ́ọ̀nù 1,000, ó lè dé 2,000. Bí tìrélà kan bá ń gbé tọ́ọ̀nù 30, tìrélà 33 ni ó kéré tán, ó lè tó 66. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ asẹ́fín sí i, àwọn àpò ńláńlá inú rẹ̀ á gbá eruku náà mú, wọn á sì lè kó o lọ síbi tó yẹ. Bí wọn kò bá fi sí i, tàbí tí wọ́n ń pa á lóru nítorí owó iná, àwa la ó máa gbé tìrélà 66 náà sínú àyà.

Kì í ṣe àròsọ. Lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin àlòkù kan wà. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé ẹ̀rọ lọ sí àyíká rẹ̀, wọ́n gba eruku inú afẹ́fẹ́, wọ́n sì tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 2015. Irin, sínkì àti òjé ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní Ògijó, tó jẹ́ ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́, èyí tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ti irin, ti òjé inú bátìrì ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n irú àìbìkítà kan náà ni. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti The Examination gbé e jáde pé nínú èèyàn 70 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò, 7 nínú 10 ló ní òjé tó lè ṣèpalára lára. Ọmọdé wà nínú wọn. Òjé kì í pa ọmọ lójú ẹsẹ̀. Ọpọlọ ló ń jẹ. Ọmọ tí ìwé ń wọ̀ lórí tẹ́lẹ̀ á kàn di ẹni tí tíṣà ń nà lójoojúmọ́, ìyá rẹ̀ á sì máa wò ó pé ayé ló ń ṣe é.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ìdí nìyí tí mo fi wá.

ÒFIN WÀ, ÀWỌN TÓ YẸ KÓ LÒ Ó NI KÒ SÍ

Ní 1988, wọ́n bá àgbá májèlé tí wọ́n kó wá láti Ítálì ní Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ariwo rẹ̀ ló mú kí ìjọba dá ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àyíká sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní 1992, òfin jáde pé kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí ohun tí yóò ṣe sí àyíká, kí ará ìlú sì láǹfààní láti sọ tẹnu wọn sí i. Ní 2007, wọ́n dá NESREA sílẹ̀. Ní 2011, ìlànà jáde fún àwọn tó ń yọ́ irin pàápàá.

Òfin ti pọ̀ tó. Kí ló wá kù? Ẹni tí yóò lò ó ló kù. Wọ́n á kọ ìwádìí náà ní èdè òyìnbó, á nípọn bíi Bíbélì, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sí ọ́fíìsì kan ní Àbújá, wọ́n á ní ará ìlú ti gbọ́. Ará ìlú wo? Ìyá tó ń ta ọsàn létí títì ní Odìgbó, ìgbà wo ló lọ sí Àbújá? Ìjọba tó wà lórí oyè ń sọ iye ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti pè wá. Ó dáa. Kí wọ́n tún sọ iye ìgbà tí wọ́n pe ará ìlú jókòó kí wọ́n tó pe ilé-iṣẹ́.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA Ń SỌ

A kò wá láti fi ẹnu lásán ṣàtakò. Èyí la fẹ́, ẹ gé e pa mọ́, ẹ fi bi wá lọ́la bí ẹ bá gbé wa wọlé:

Èkíní, kí wọ́n ka ìwádìí àyíká ilé-iṣẹ́ yòówù sétí ará ìlú ní èdè Yorùbá, ní gbangba, ní Orè àti ní Odìgbó, kí wọ́n tó lẹ búlọ́ọ̀kù kan mọ́ ilẹ̀. Ìjáwọ̀, Ìkálẹ̀, Ìjọ, Ìgbò, Urhobo tó bá ń gbé àárín wa, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun náà. Èéfín kò mọ ẹ̀yà.

Èkejì, ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ní àsìkò òjò, láti etí òkun ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. Ní ọyẹ́, láti òkè ọ̀hún ni. Ẹni tó bá gbé ìléru sí ibì kan gbọ́dọ̀ wo apá méjèèjì. Kò sì gbọdọ̀ sí omi ìdọ̀tí kan tó máa ṣàn wọnú odò Olúwa. Odò yẹn ń lọ sí Àgbábù, ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará wa Ìlàjẹ. Ohun tí a dà sí i níbí, wọ́n á fi pọnmi mu lọ́hùn-ún.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ asẹ́fín tí kò ní máa sùn lóru, àti àwọn ará ìlú tí a yàn, tí wọ́n láṣẹ láti wọlé lọ wò ó nígbà tí wọ́n bá fẹ́, láìfi ìwé ránṣẹ́ ṣáájú.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ àti ti ọmọdé tó wà nítòsí wò lọ́dọọdún, kí ilé-iṣẹ́ sanwó rẹ̀, kí dókítà ìjọba sì fi èsì lé òbí lọ́wọ́.

Ẹ̀karùn-ún, iṣẹ́ tó ní ìwé. A kò fẹ́ kásúà tí wọ́n ń gbà láàárọ̀, tí wọ́n ń lé nírọ̀lẹ́, tí kò ní bàtà, tí kò ní ìbọ̀wọ́, tó bá jóná ó di ti ìyá rẹ̀. Kí wẹ́dà wa, kí alágbẹ̀dẹ wa, kí ọmọ tó ń ti ọmọlanke kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, rí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀.

Ẹ̀kẹfà, iná. Tọ́ọ̀nù irin kan ń jẹ nǹkan bí yúníìtì 500. Ilé tó ń lo yúníìtì 100 lóṣù, iná oṣù márùn-ún rẹ̀ nìyẹn nínú tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo! Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ti lo ọdún pípẹ́ nínú òkùnkùn nígbà tí Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ń rán iná lọ sílùú ẹlòmíràn. Ìléru kò gbọdọ̀ rí iná kí ilé ìgbẹ̀bí má rí i.

Ẹ̀keje, ká má fi ẹsẹ̀ kan dúró. Kòkó wa, ọsàn wa, ọ̀pẹ wa, igi inú igbó Olúwa tó kù, a kò gbọdọ̀ tìtorí irin pa wọ́n tì. Òṣogbo àti Pittsburgh ti kọ́ wa.

ÀWỌN TÓ Ń SỌ PÉ A KÒ FẸ́ ÌLỌSÍWÁJÚ

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Wọ́n á ní, "Àwọn alátakò tún dé! Ebi ń pa èèyàn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ èéfín. Bí òfin bá ti pọ̀ jù, olówó á gbé owó rẹ̀ lọ sílùú mìíràn."

Mo gbà pé ebi ń pa èèyàn. Èmi náà ń ra gàárì ní ọjà kan náà pẹ̀lú yín. Mo sì gbà pé olówó kan lè bínú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: ẹ̀rọ asẹ́fín kì í ṣe ohun tuntun. Ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, òfin ló fi ń mú wọn, wọ́n sì ń jèrè síbẹ̀. Olówó tó lè rà á nílé tí kò fẹ́ rà á fún wa, kì í ṣe iṣẹ́ ló gbé wá, ìdọ̀tí ló gbé wá. Bí owó asẹ́fín náà kò bá ti àpò rẹ̀ jáde, ṣé ẹ rò pé kò sẹ́ni tí yóò san án? Ẹ̀yin ni. Ẹ ó san án nílé oògùn, díẹ̀díẹ̀, lọ́rùn ọmọ yín. Ọlọ́jà tó gbọ́n kì í torí pé ebi ń pa á kó ra iṣu tó ti rà.

Gbogbo Nàìjíríà ló mọ orúkọ ìlú wa. Ní oṣù kẹjọ 1967, nígbà ogun, Orè ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé kí wọ́n tó padà sẹ́yìn, láti ìgbà náà ni "ó le kú, ìjà Orè" ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn. Ìjà ti ìbọn ni ìyẹn. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ìjà tó kù fún wa báyìí, ìwé ni a fi ń jà á, àti ìbéèrè, àti ìka tí a tẹ̀ sí ìwé ìbò. Ẹni tí kò bá béèrè kí ìléru tó dé, á máa kọ́ lẹ́yìn tó dé.

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá wá pẹ̀lú ìrẹsì àti fìlà, ẹ gbà á bó bá wù yín. Owó yín náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta tí mo bi yín lókè yìí. Irin wa, ta ló ń yọ́ ọ? Ọmọ ta ló ń gbowó rẹ̀? Ta ló ń fa èéfín rẹ̀ símú? Ẹni tó bá wò yín lójú, tó sì dáhùn, ẹ dìbò fún un, ì báà má ṣe ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, tó ń ju náírà, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ má dákẹ́ o, ẹ̀yin ará Orè. Ẹ má dákẹ́ o, ẹ̀yin ará Odìgbó.